Bàálù ń kú s'Ìkẹjà, nílẹ̀ ibòmíì wọ́n ń gbé ẹ́ńjìnnì wọn sínú ọkọ̀ onípákó

Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ ojú irin l'Agége láàárọ̀, tó ń bọ̀ n'Ìkẹjà, kò ní í pẹ́ tó fi máa gbọ́ ariwo lókè orí. Bàálù ni. Wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ wá sí pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed, àfi bí ẹni pé wọ́n fẹ́ fẹsẹ̀ gbá páànù orí ilé onílé. Àlejò á gbójú sókè, onílé ò ní í wò ó. Ariwo náà ti mọ́ wọn lára bí ariwo kọ̀ńdọ́kítọ̀ tó ń pèrò Ìyànà-Ìpájà.

Ṣùgbọ́n bàálù tó ń fò nìkan kọ́ ló wà n'Ìkẹjà o. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, òkú bàálù ni wọ́n tò sílẹ̀ nínú ọgbà pápákọ̀ náà, pàápàá lápá ibi tí wọ́n ti ń gbérò lọ sáwọn ìlú mìíràn nílẹ̀ wa níbí. Èyí tí iléeṣẹ́ tó ni ín ti wọgbá wà níbẹ̀, èyí tí owó àtúnṣe rẹ̀ ti kọjá agbára olówó rẹ̀ wà níbẹ̀. Nigeria Airways tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1958, tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ erin abìyẹ́ tó wà lára bàálù rẹ̀, kógbá sílé lọ́dún 2003, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sì fi ọ̀pọ̀ ọdún jà kí wọ́n tó rí lára owó wọn gbà. Àwọn aládàáni tó tẹ̀ lé e, púpọ̀ nínú wọn ti di ìtàn. Koríko hù yí táyà bàálù wọn ká. Ìjọba pàṣẹ títí pé kí àwọn tó ni wọ́n wá kó wọn. Àwọn kan gbọ́, àwọn kan ò gbọ́, wọ́n sì gé àwọn mìíràn wẹ́lẹwẹ̀lẹ bí ẹran Iléyá.

Ẹ wá gbọ́ nǹkan kan ná. Ẹ́ńjìnnì tó ti parí iṣẹ́ lára bàálù, àwọn kan wà láyé yìí tó jẹ́ pé bí wọ́n bá rí i, inú ọkọ̀ ojú omi onípákó ni wọ́n ń gbé e sí, wọ́n á wá fi sáré ìje. Àlọ́ kọ́ o.

Gar Wood, ará Detroit l'Amẹ́ríkà, lẹni tó sọ ọ̀rọ̀ náà di ńlá. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, Amẹ́ríkà ṣe ẹ́ńjìnnì bàálù kan tí wọ́n ń pè ní Liberty, ó lé ní 20,000 tí wọ́n rọ. Ogun parí lọ́dún 1918, ẹ́ńjìnnì kún ilẹ̀, kò sí bàálù tí wọ́n fẹ́ gbé e sí mọ́. Bí ọjà bá ti pọ̀ ju ẹni tó fẹ́ rà á lọ, ẹ mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ sí owó rẹ̀. Gar Wood kó wọn wọ̀ǹtìwọnti. Ó gbé méjì sínú ọkọ̀ onípákó kan tó pè ní Miss America, ó gbé e lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1920, ó sì fi gba ife-ẹ̀yẹ Harmsworth mọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ nínú omi tiwọn. Liberty kan ṣoṣo ní agbára bíi 400 ẹṣin. Dáńfó Volkswagen àtijọ́ tó gbé ọ̀pọ̀ ará Agége lọ síbi iṣẹ́, agbára tiẹ̀ ò ju bíi 50 sí 70 lọ. Nígbà tó fi máa di ọdún 1932, Gar Wood ti gbé ẹ́ńjìnnì bàálù mẹ́rin sínú ọkọ̀ kan ṣoṣo, Miss America X, ó sì fi sá máìlì 124 láàárín wákàtí kan lórí omi.

Ìdí tí ẹ́ńjìnnì bàálù fi bá irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ mu ò le. Ẹni tó ṣe é ṣe é kó fúyẹ́, nítorí ohun tó bá wúwo kò ní í dìde nílẹ̀, ó sì tún ṣe é kó lè fi gbogbo agbára rẹ̀ ṣiṣẹ́ fún ìgbà pípẹ́ láìsinmi. Ẹ́ńjìnnì lọ́rì náà lágbára lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé e sínú ọkọ̀ pákó, ìdí ọkọ̀ á rì. Ohun kan tún wà níbẹ̀: ọkọ̀ ìje tòótọ́ kì í wọnú omi bó bá ti gbéra. Orí omi ló máa ń tọ́, bí òkúta pẹlẹbẹ tí ọmọdé sọ sójú odò. Pákó tó fúyẹ́ ló lè ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà náà.

Ẹ̀mí sì ń lọ sí i. Sir Henry Segrave, gbajúmọ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé Miss England II tó ní ẹ́ńjìnnì Rolls-Royce méjì sórí adágún Windermere ní ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kẹfà, ọdún 1930. Ó borí ẹni tó wà níwájú rẹ̀ lọ́jọ́ náà, máìlì 98 ó lé díẹ̀ láàárín wákàtí kan. Ó tún fẹ́ sá a lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọkọ̀ dojú dé, òun àti ẹni-iṣẹ́ Rolls-Royce kan tó wà pẹ̀lú rẹ̀ kú. Lẹ́yìn ogun kejì, àwọn ará Seattle l'Amẹ́ríkà gbé ẹ́ńjìnnì Allison tó wà fún bàálù ogun sínú ọkọ̀ pákó tí wọ́n ń pè ní Slo-mo-shun IV, wọ́n sì fi sá máìlì 160 ní oṣù kẹfà ọdún 1950. Ẹni tó ni ipò náà tẹ́lẹ̀ ò kọjá 141. Títí di òní, wọ́n ní ilé kan ní Kent, lẹ́bàá Seattle níbẹ̀, tí wọ́n ti ń tún àwọn ọkọ̀ àtijọ́ bẹ́ẹ̀ ṣe, tí wọ́n sì ń tan ẹ́ńjìnnì wọn kí ọmọ ìsinsìnyí lè gbọ́ bó ṣe ń ké.

Gbogbo ìyẹn dáa. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìtàn rẹ̀ yẹ kí ará Agége gbọ́ jù lọ kì í ṣe olówó bíi Gar Wood. Ken Warby lorúkọ rẹ̀, ará Sydney nílẹ̀ Ọsirélíà. Ẹni tó ń ta irinṣẹ́ kiri ni. Kò ní iléeṣẹ́, ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ló ti ń kan ọkọ̀. Ó gbọ́ pé àwọn ọmọ ogun òfurufú ń lu ẹ́ńjìnnì jẹ́ẹ̀tì àtijọ́ ní gbàǹjo, ó lọ síbẹ̀, ó fi owó táṣẹ́rẹ́ ra Westinghouse J34. Pákó àti fáíbà ló fi ṣe ara ọkọ̀ náà, ó pè é ní Spirit of Australia. Nígbà tó yá, ọ̀jọ̀gbọ́n yunifásítì kan bá a yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò, àwọn ọmọ ogun òfurufú náà bá a tún ẹ́ńjìnnì ṣe. Lọ́jọ́ kẹjọ, oṣù kẹwàá, ọdún 1978, ó gbé e sórí omi Blowering Dam, ó sá kìlómítà 511 láàárín wákàtí kan. Ẹ tún un kà. Kò tíì sẹ́ni tó borí rẹ̀ di òní olónìí. Àwọn méjì tó gbìyànjú, Lee Taylor lọ́dún 1980 àti Craig Arfons lọ́dún 1989, ojú omi ni wọ́n kú sí. Warby fúnra ẹ̀ kú lọ́dún 2023 lẹ́ni ọdún 83, ọkọ̀ rẹ̀ sì wà nílé ìṣẹ̀ǹbáyé ọkọ̀ ojú omi ní Sydney.

Ẹ jẹ́ ká wá padà wálé. Ẹni tó bá bọ́ sílẹ̀ n'Ìkẹjà Along, tó gba Ọba Akran jáde sí Ọgbà, kó tó já sí Pen Sínẹ́mà, á rí i pé ilẹ̀ oníṣẹ́ ọwọ́ lòun ń rìn. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ayé àwọn Awólọ́wọ̀ ló pín ibẹ̀ fún iléeṣẹ́. Ibẹ̀ ni Guinness kọ́ iléeṣẹ́ ọtí rẹ̀ sí lọ́dún 1962. Ibẹ̀ ni Dunlop ti ń ṣe táyà títí dọdún 2008 tó jáwọ́. Àwọn ọgbà iléeṣẹ́ tó ti ilẹ̀kùn, ṣọ́ọ̀ṣì wà nínú òmíràn, ilé ìkẹ́rù wà nínú òmíràn. Àwọn tó mọ ẹ̀rọ tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn, kò sóhun méjì tí púpọ̀ wọn lè ṣe ju kí wọ́n gba ṣọ́ọ̀bù kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì lọ. Wẹ́dà wà níbẹ̀, rewáyà wà níbẹ̀, àwọn tó ń fi ẹ̀rọ yí irin wà níbẹ̀. Gbé irin tó ti jẹ wá, wọ́n á ṣe irú rẹ̀ fún ọ kó o tó jẹ búrẹ́dì Agége kan tán. Bí ọmọṣẹ́ bá ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká gbé èyí fáwọn onírin, ó ti kọ́ńdẹ́ẹ̀mù," ọ̀gá á yí i wò, á ní, "Rọra. Ta ló sọ fún ẹ pé ó ti kọ́ńdẹ́ẹ̀mù? Gbé e wá."

Kìlómítà mélòó ló wà láàárín irú ọ̀gá yìí àti òkú bàálù inú ọgbà? Kò tó ohun tí èèyàn ń wọ kẹ̀kẹ́ Maruwa fún. Ṣùgbọ́n wáyà ọgbà wà láàárín, sójà wà láàárín, ìwé wà láàárín.

Ká má parọ́, kì í ṣe gbogbo òkú bàálù ló ní ẹ́ńjìnnì nínú. Òun ló lówó lórí jù, òun ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń tú. Èyí tó bá sì wà nínú Boeing 737 àtijọ́ wúwo tó tóònù kan ààbọ̀, agbára rẹ̀ ju ti Warby lọ fíìfíì. Ẹni tó bá gbé e sínú ọkọ̀ pákó ti wá ikú lọ. Kò sì sẹ́ni tó yẹ kó fi ẹ́ńjìnnì bàálù ṣeré ládùúgbò yìí. Àwọn ará Iju-Ìṣàgá ò ní í gbàgbé ọjọ́ Sunday, ọjọ́ kẹta, oṣù kẹfà, ọdún 2012, nígbà tí ẹ́ńjìnnì méjèèjì bàálù Dana dákẹ́, tó já lu ilé. Gbogbo àwọn 153 tó wà nínú rẹ̀ ló kú, ó tún pa àwọn tó jókòó jẹ́jẹ́ sílé wọn. Ohun tí kò bá dáa tó láti fò, kó má fò. Ìyẹn ò lẹ́jọ́ nínú.

Ẹjọ́ tó wà níbẹ̀ ni ti gbàǹjo. Warby gbọ́ ọjọ́ tí wọ́n máa lù ú, ó lọ, ó náwó bí ẹnikẹ́ni, ó gbé e dé ilé. Ọ̀gá tó wà l'Ọgbà, ta ló máa sọ fún un? Nígbà tí yóò fi gbọ́, wọ́n á ti gé bàálù náà, wọ́n á ti wọ̀n ọ́n ní kílò. Alumíníọ́mù ló pọ̀ jù lára bàálù, ẹni tó ń da ìkòkò kì í sì í béèrè ibi tó ti wá. Á yọ́ ọ nínú iná, á dà á sínú iyẹ̀pẹ̀ tó ti tẹ̀ sílẹ̀, á di ohun tí wọ́n ń fi se ìrẹsì òde ìnáwó. Ìkòkò náà wúlò, kò sẹ́ni tó ní kò wúlò. Àmọ́ ẹ́ńjìnnì kan tí wọ́n bá tú sílẹ̀ fún àwọn ọmọṣẹ́ n'Ìkẹjà láti fi ọwọ́ kàn, kódà bí kò bá ní í tan láé, ohun tí wọ́n máa rí kọ́ nínú rẹ̀ ò sí nínú ìkòkò.

Bẹ́ẹ̀ sì ni omi Èkó kì í ṣe àlejò irú nǹkan báyìí. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ọkọ̀ tó jẹ́ bàálù tó tún jẹ́ ọkọ̀ ojú omi máa ń gbérò láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá, orí omi Èkó ló ń balẹ̀ sí. Àwọn Ègùn ní Mákòkó ń kan ọkọ̀ pákó títí dòní, wọ́n á gbé ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ kọ́ ìdí rẹ̀, a sì máa sáré. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2025, àwọn òyìnbó gbé ìje ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní E1 wá sórí ọ̀sà, iná mànàmáná ni ọkọ̀ wọn ń lò. Èrò ló lọ wò ó. Ohun tó ya àwọn kan lẹ́nu jù ni pé wọn ò gbọ́ ariwo gidi.

Ariwo ṣì wà l'Agége ní tiẹ̀. Nírọ̀lẹ́, bí ọkọ̀ ojú irin bá ti ń já èrò sílẹ̀, àwọn wẹ́dà ò ní í tíì ṣíwọ́, iná á máa ta yẹ́ẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ wọn. Bàálù kan á tún gba orí wọn kọjá. Ọmọṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti oko á gbójú sókè. Ọ̀gá rẹ̀ á ní kó di irin náà mú dáadáa.