Láàárín Hóró Oògùn Kan sí Èkejì

Levodopa ni òpómúléró oògùn àìsàn Parkinson, àìsàn tí í mú ọwọ́ gbọ̀n, tí í mú ara gan, tí ẹsẹ̀ fi ń wọ́ nílẹ̀. Ọdún 1967 ni George Cotzias fi hàn ní Amẹ́ríkà bó ṣe ń gbé ẹni tó ti gan dìde. Inú ọpọlọ ló ti ń di dopamine, èròjà tí àìsàn náà ń sọ di ọ̀wọ́n. Àmọ́ kì í pẹ́ lára: ìdajì rẹ̀ á ti kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ láàárín nǹkan bíi wákàtí kan ààbọ̀. Níbẹ̀rẹ̀, ọpọlọ ṣì ń rí díẹ̀ fi pamọ́, aláìsàn kì í fura. Bó bá yá, oògùn aago méje lè já a sílẹ̀ kí aago mọ́kànlá tó lù. Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, oògùn á gun ara kọjá ààlà, ọwọ́ àtẹsẹ̀ á máa jù síhìn-ín sọ́hùn-ún.

Ní ilé ìwòsàn, dókítà á ní kí aláìsàn fi ìka ìfábẹ̀lá gbá àtàǹpàkò léraléra, kó ká apá láyà dìde lórí àga, kó rìn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máàkì láti 0 dé 4. Bí wọ́n bá fẹ́ mọ agbára oògùn gan-an, aláìsàn á sùn láìlò ó, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀, á lò ó, wọ́n á tún yẹ̀ ẹ́ wò. Ó dára, àmọ́ òwúrọ̀ ọjọ́ kan péré ló wọ̀n. Ẹni tó wọkọ̀ láti Àjàgbà lọ bá dókítà ọpọlọ ní Ìbàdàn, tó lo oògùn lójú ọ̀nà, ara rẹ̀ lè ti yá gágá kó tó wọlé. Ohun tí ìyàwó rẹ̀ rí ní ìdájí, dókítà ò ní rí i.

Nítorí èyí ni Robert Hauser àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi gbé ìwé àkọsílẹ̀ kan jáde lọ́dún 2000. Ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, aláìsàn á máàkì bóyá ó sùn, bóyá oògùn ti wálẹ̀, bóyá ó ń ṣiṣẹ́, bóyá ara ń jù, àti bóyá jíjù náà ń dà á láàmú. Ṣùgbọ́n ìgbà tí oògùn wálẹ̀ gan-an ni ọwọ́ kì í lè di bírò mú. Ìwé náà kò sì béèrè oúnjẹ, bẹ́ẹ̀ ẹja tí wọ́n fi jẹ púpurú lọ́sàn-án lè bá levodopa du ọ̀nà láti inú ìfun.

Wèrèpè náà kan ọ̀rọ̀ yìí. Àgbẹ̀ tí irun èèpo rẹ̀ ti yún lára rí kì í fẹ́ wo kóró inú rẹ̀, àmọ́ ní 1937, Damodaran àti Ramaswamy rí levodopa nínú kóró náà ní Íńdíà. Ní 2017, Roberto Cilia àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí jáde lórí aláìsàn 18 ní Bolivia tí wọ́n fún ní ẹ̀tù rẹ̀ tí wọ́n yan: bó ṣe pẹ́ tó wà lára ohun tí wọ́n ń ṣọ́. Èyí tí wọ́n bù púpọ̀ pẹ́ lára ju hóró oògùn lọ. Kóró inú igbó kò kúkú ní àmì ìwọ̀n lára.

Cilia kan náà wà lára àwọn tó fi aláìsàn 91 ní Gánà wé ti Ítálì, ní 2014. Lẹ́yìn ọdún 4.2 àìsàn ni ti Gánà bẹ̀rẹ̀ levodopa, ti Ítálì lẹ́yìn 2.4, síbẹ̀, iye ọdún tí àìsàn ti lò kí ìgòkègbodò oògùn tó dé kò yàtọ̀. Ó jọ pé fífi oògùn falẹ̀ kò gba ẹnikẹ́ni là. Ó ku ti ẹni tó ń ra hóró bí owó bá ṣe wọlé: bí ara rẹ̀ bá gan lọ́sàn-án, ìwé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kò lè fi ìyàtọ̀ hàn láàárín oògùn tó tán lára àti oògùn tó tán nínú páálí.