Òkò Tí Mo Sọ Sọ́jà

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ẹni tó bá máa ń dúró níwájú pátákó yìí ní àkókò ìsinmi ọ̀sán á rántí ohun tí mo kọ síbí ní táàmù tó kọjá. Mo ní tí ọlọ́pàá bá dá èèyàn dúró lójú títì, tó ní òun fẹ́ yẹ báàgì rẹ̀ wò, kí onítọ̀hún má pariwo. Mo ní ẹni tí kò jalè, ẹ̀rù kì í bà á. Àwọn kan nínú yín tiẹ̀ pàtẹ́wọ́ fún mi. Lónìí, mo fẹ́ kó ọ̀rọ̀ mi jẹ.

Ẹ má rò pé mo kàn ń ṣẹnu lásán nígbà náà o. Télọ̀ ni màmá mi. Lọ́dún tó kọjá, àwọn olè já ṣọ́ọ̀bù wọn lóru, wọ́n gbé ẹ̀rọ ìránṣọ méjì lọ. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn ọlọ́pàá tó wà lójú títì rí Máíkírà kan tí búùtù rẹ̀ kò lè pa dé, tí orí ẹ̀rọ ìránṣọ yọ síta. Wọ́n dá a dúró. Awakọ̀ kò lè sọ ibi tó ti rí ẹrù. Bí ẹ̀rọ màmá mi ṣe padà wálé nìyẹn. Ẹni tí wọ́n bá ṣe irú èyí fún, ṣé kò ní gbè wọ́n lẹ́yìn ni?

Àmọ́ ní ọjọ́ Jímọ̀ kan lóṣù tó kọjá, bọ̀ọ̀dá mi wá mú mi nílé ìwé, a sì jọ wọ Máíkírà lọ sílé. Iṣẹ́ títún fóònù ṣe ni bọ̀ọ̀dá mi ń kọ́. Dàda ni wọ́n bí wọn, kò sì sẹ́ni tó fi abẹ kan irun wọn rí nílé wa. Bàbá kan jókòó tì wá, wọ́n gbé àpò ńlá kan lésẹ̀. A dé ibi tí àwọn ọlọ́pàá wà, ọ̀kan nínú wọn yọjú wo inú ọkọ̀. Ó wo bàbá, ó kí wọn. Ó wo èmi pẹ̀lú aṣọ ilé ìwé lọ́rùn, kò sọ nǹkan kan. Ó wo orí bọ̀ọ̀dá mi.

"Ìwọ, bọ́ọ́lẹ̀!"

Kò bi wọ́n pé kí ni wọ́n ṣe. Ó tú báàgì wọn sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì: tọ́nàbíìsì wẹ́wẹ́, bátìrì, àti fóònù mẹ́rin tí oníbàárà kó fún wọn láti tún ṣe. "Fóònù mẹ́rin! Ọmọ Yàhúù ni ẹ́!" Bọ̀ọ̀dá mi ṣàlàyé títí, kò gbọ́. Ó ní kí wọ́n ṣí fóònù tiwọn, ó ń ka WhatsApp wọn. Ó wá rí i pé owó wà nínú àkáǹtì wọn. Owó tí wọ́n ń tù jọ láti fi ṣe fìrídọ́ọ̀mù ni. Ọ̀rọ̀ wá di "ṣé ká máa lọ sí àgọ́ ni, àbí o fẹ́ ká parí ẹ̀ síbí?" Ibi POS tó wà lódìkejì títì ni wọ́n parí ẹ̀ sí. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náírà.

Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan àpò bàbá yẹn. Nígbà tí àwọn èrò ń kùn pé a ti pẹ́ jù, bàbá mi orí, wọ́n ní, "Ẹ fi wọ́n sílẹ̀, jàre. Ẹni tí kò jalè, ẹ̀rù kì í bà á."

Ọ̀rọ̀ ẹnu mi gan-an! Ará mi bù máṣọ. Mo lẹ́nu, mi ò lè fọhùn.

Nígbà tá a délé, mo lọ bá bàbá kan ládùúgbò wa tó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ ọlọ́pàá. Wọ́n mi kanlẹ̀. Wọ́n ní òfin fún ọlọ́pàá láyè láti yẹ èèyàn wò lóòótọ́, àmọ́ ìdí tó mọ́gbọ́n dání gbọ́dọ̀ wà tí wọ́n fi fura sí i. Wọ́n ní Òfin Ọlọ́pàá ti 2020 tiẹ̀ sọ ọ́ kedere pé irun orí, ọjọ́ orí tàbí aṣọ tí èèyàn wọ̀ kì í ṣe ìdí. Abala 37 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 ló sì dáàbò bo àṣírí èèyàn, títí kan ọ̀rọ̀ tó ń sọ lórí fóònù. Mo wá rántí oṣù kẹwàá 2020, tí àwọn ọ̀dọ́ tú jáde lórí ọ̀rọ̀ SARS títí ìjọba fi tú ẹ̀ka náà ká. Ọmọdé ni mí nígbà yẹn, mo rò pé ariwo lásán ni.

Ẹ jẹ́ ká fi méjèèjì wéra. Àwọn tó gba ẹ̀rọ màmá mi padà rí ẹrù olè tó yọrí síta. Kí ni ẹni tó dá bọ̀ọ̀dá mi dúró rí? Dàda. Iṣẹ́ ni ti àkọ́kọ́, ìrẹ́jẹ ni ti èkejì. Tá ò bá yà wọ́n sọ́tọ̀, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ wọn dáadáa gan-an là ń bà lórúkọ jẹ́.

Tí wọ́n bá dá yín dúró, ẹ má sá, ẹ má bú ẹnikẹ́ni. Ẹ fi ọ̀wọ̀ béèrè ìdí. Ẹ wo orúkọ tó wà láyà aṣọ wọn, kẹ́ ẹ sì sọ fún òbí yín.

Wọ́n ti sún fìrídọ́ọ̀mù bọ̀ọ̀dá mi síwájú. Fìlà ni wọ́n ń dé wọ ọkọ̀ báyìí, bí oòrùn ṣe ń mú tó. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Mo bẹ̀ wọ́n nítorí ohun tí mo kọ ní táàmù tó kọjá. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ó dáa, lọ kọ èyí náà sí i. Ṣùgbọ́n má kọ orúkọ mi o."

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ni yóò bà. Èmi ni mo sọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá mi sọ òmíràn.