Owó Fàdákà Ọdún 1780 àti Ẹ̀rí Ìtàn Ìdílé

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní òótọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Nínú ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, owó gan-an ni wọ́n fẹ́ fi ṣe ẹlẹ́rìí.

Ní agboolé wa, ojúlé méjì ló ń du ipò àgbà. Oníkálukú ní baba ńlá tòun ló kọ́kọ́ tẹ̀dó. Ojúlé tiwa ní ohun kan tí ojúlé kejì kò ní: owó fàdákà róbótó kan tí baba ń fi sílẹ̀ fún ọmọ, tí a kọ 1780 sí lára. Àwọn àgbà wa gbà pé òyìnbó oníṣòwò ló fi í lé baba ńlá wa lọ́wọ́ lọ́dún náà. Nígbà tí ọ̀rọ̀ fẹ́ dé iwájú baálẹ̀, wọ́n ní kí èmi tí mo jẹ́ olùkọ́ wá ka ohun tó wà lára rẹ̀.

Mo yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní. Ní iwájú rẹ̀ ni àwòrán obìnrin kan wà, tó fi ìborí opó borí, lẹ́tà S.F. wà lábẹ́ àyà rẹ̀. Idì olórí méjì ló wà lẹ́yìn. Etí rẹ̀ kò rí bíi ti ṣílè ayé àtijọ́. Ọ̀rọ̀ èdè Látìn ni wọ́n kọ yí i ká, IUSTITIA ET CLEMENTIA, èyíinì ni òdodo àti àánú. Lórí òṣùwọ̀n alágbẹ̀dẹ wúrà, ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 28. Orúkọ ara rẹ̀ ni M. THERESIA: Maria Theresa, ọbabìnrin tó jẹ lórí Austria, Hungary àti Bohemia láti ọdún 1740.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Ọbabìnrin náà wàjà ní ọjọ́ 29, oṣù Kọkànlá, ọdún 1780, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kò bá a kú. Ojú àwọn oníṣòwò ilẹ̀ Lárúbáwá àti Etiópíà ti mọ̀ ọ́n débi pé wọn kì í fẹ́ gba èyí tó bá yàtọ̀ sí i. Nítorí náà ni Vienna ṣe ń rọ ọ́ lọ pẹ̀lú ọdún 1780 kan náà. Láti ọdún 1935 síwájú, wọ́n tún rọ ọ́ ní Rome, London, Paris àti Bombay. Vienna ṣì ń rọ ọ́ títí di òní. Ìyàtọ̀ wẹ́wẹ́ lára ìlẹ̀kẹ̀ èjìká ọbabìnrin náà àti ìyẹ́ ìrù idì ni àwọn onímọ̀ fi ń mọ ibi tí wọ́n ti rọ ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Báwo ló ṣe dé ọ̀dọ̀ wa? Nígbà tí Heinrich Barth, ará Jámánì, dé Kánò lọ́dún 1851, ó bá owó yìí àti dọ́là Sípéènì níbẹ̀. Owó ẹyọ 2,500 ni ọ̀kan ń gbà. Ìtàn ìdílé wa sì sọ pé baba ńlá wa ń bá Hausa ṣòwò obì. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọ̀nà obì ló gbà wọlé, kì í ṣe ọ̀nà òkun.

Kò rọrùn láti sọ èyí níwájú àwọn tó bí mi. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi wò mí, ó ní, “Tíṣà, ṣé ọmọ wa ni ọ́ àbí ti ojúlé kejì?” Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, “Bàbá, ọmọ yín ni mí. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé e jáde, ẹlòmíràn yóò kà á fún wọn.” Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n sì dá owó náà padà sínú àpótí. Oríkì, ojú oórì àti pèrègún ààlà ni wọ́n kó lọ síwájú baálẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ ọ̀la, lọ́jọ́ kan, akẹ́kọ̀ọ́ yóò mú irú nǹkan báyìí wá bá yín. Ẹ kọ́ ọ láti ka gbogbo ara rẹ̀, títí kan etí. Láti wádìí ẹni tó ṣe é àti ìgbà tó ṣíwọ́ ṣíṣe é. Kí ó sì tọpa ọ̀nà tó gbà dé. Ọdún tí a kọ sára nǹkan lè fi hàn wá pé nǹkan náà kò ṣáájú ọdún yẹn. Kò lè sọ ìgbà tó dé ilé wa.