Kámẹ́rà Kékeré àti Yàrá Ìyá Ìbejì

Nígbà tí ẹni tó ń fọ fíìmù ní Èkó fi àwọn àwòrán ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀, olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìbàdàn jókòó, ó sì ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó yà níta gbangba dára: àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ lábẹ́ igi máńgòrò, ọlọ́jà tó ń to tòmátì, ọlọ́kadà tó sùn lọ lórí alùpùpù rẹ̀. Ṣùgbọ́n mọ́kànlá tó yà nínú yàrá ìyá rẹ̀ àgbà ní Ìlá-Ọ̀ràngún kò ṣe é wò. Méje dúdú bí ìdí ìkòkò. Mẹ́rin tó fi fláàṣì yà kò sàn jù wọ́n lọ: ìmọ́lẹ̀ fláàṣì kọ lára gíláàsì àwòrán tó wà lára ògiri, ó sì sọ ojú màmá di funfun báláú. Ọjọ́ yẹn ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í ronú àtipààrọ̀ kámẹ́rà rẹ̀.

Kodak Ektar H35 ni kámẹ́rà náà, èyí tí ilé iṣẹ́ Reto ní Hong Kong gbé jáde lábẹ́ orúkọ Kodak ní ọdún 2022. Kò ju nǹkan bí 50 dọ́là lọ nígbà náà. Àbúrò rẹ̀ obìnrin tó wà ní London ló rà á fún un. Ike ni ara rẹ̀. Ọgbọ́n tó wà nínú rẹ̀ ni pé ó ń pín férémù fíìmù sí méjì. Férémù tó yẹ kó fẹ̀ tó mílímítà 36 di nǹkan bí 18, nítorí náà fíìmù tí ń gba àwòrán 36 yóò gba 72. Fún ẹni tó ń fi owó oṣù olùkọ́ ra fíìmù tó ń ti òkè òkun wá, èyí kì í ṣe nǹkan kékeré.

Àmọ́ ohun olówó pọ́ọ́kú ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ojú lẹ́ńsì kámẹ́rà yìí kì í fẹ̀, kì í sì í dín; f/9.5 ni nígbà gbogbo. Ìdá kan nínú 100 ìṣẹ́jú àáyá péré ni ó sì fi ń ṣí sílẹ̀ fún ìmọ́lẹ̀. Oòrùn ọ̀sán tó fún un dáadáa. Yàrá tí kò ní ju fèrèsé kan lọ kò tó fún un rárá.

Yàrá yìí gan-an ni ọkàn olùkọ́ náà sì wà. Títí di òní, Ìyá Ìbejì ni gbogbo àdúgbò ń pe màmá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹyọ kan ṣoṣo nínú àwọn ìbejì náà ló dàgbà. Kẹ́hìndé kò pẹ́ láyé. Táyé, tó jẹ́ ìyá olùkọ́ yìí, ló kù. Nígbà tí Táyé pé ọmọ ọdún márùn-ún, màmá mú un lọ bá ayàwòrán ìlú. Ayàwòrán náà yà á, ó sì tẹ àwòrán kan náà lẹ́ẹ̀mejì sórí pépà kan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí àwọn ìbejì lè jókòó pọ̀. Iṣẹ́ tí àwọn ayàwòrán wa mọ̀ dáadáa ni nígbà náà. Stephen Sprague, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà kan, ṣe ìwádìí nípa rẹ̀ ní Ìlá yìí kan náà, ó sì kọ ọ́ jáde ní ọdún 1978. Bí àwọn ìbejì bá jẹ́ ọkùnrin àti obìnrin, wọn a wọ aṣọ ọkùnrin fún èyí tó kù, wọn a yà á; wọn a tún wọ aṣọ obìnrin fún un, wọn a sì tún un yà.

Àwòrán yẹn ti wà lára ògiri láti àárín ọdún 1970 sí 1980. Màmá ti di ẹni ọdún 84, ojú wọn sì ti ń ṣe bàìbàì. Ohun tí olùkọ́ yìí ń fẹ́ kò ju pé kí ó ya màmá lórí àga wọn lábẹ́ àwòrán náà, bí ó ti ṣe ń bá wọn níbẹ̀ láti ìgbà èwe rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè ìdí tí kò fi fi fóònù yà wọ́n, ó ti yà wọ́n bẹ́ẹ̀ rí. Fóònù náà bọ́ sómi, gbogbo rẹ̀ sì bá omi lọ.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwọn kámẹ́rà mìíràn. Èyí tó wù ú jù ni Pentax 17, tí ilé iṣẹ́ Ricoh gbé jáde ní oṣù Kẹfà ọdún 2024. Òun náà ń pín férémù sí méjì, ṣùgbọ́n ojú lẹ́ńsì rẹ̀ ń ṣí dé f/3.5. Ìmọ́lẹ̀ tó ń gba ibẹ̀ wọlé ju ti f/9.5 lọ ní ìlọ́po méje. Ó ń wọn ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sì lè ṣí pẹ́ níbi tí ilẹ̀ bá ti ṣú. Yàrá màmá kò ní ṣòro fún un.

Owó rẹ̀ ni ìṣòro. Nǹkan bí 500 dọ́là ni nígbà tó jáde. Nígbà tí olùkọ́ yìí ṣírò rẹ̀, dọ́là kan ti lé ní 1,400 náírà, èyí tó sọ kámẹ́rà náà di 700,000 náírà ó lé. Ní oṣù Keje ọdún yẹn ni ìjọba sọ owó oṣù tó kéré jù lọ di 70,000 náírà. Owó iṣẹ́ oṣù mẹ́wàá ni kámẹ́rà kan ń béèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀, láì jẹun, láì wọkọ̀.

Ó wo àwọn tó dínwó. H35N, àbúrò kámẹ́rà ọwọ́ rẹ̀ tó jáde ní ọdún 2023, ń lo f/8. Ìmọ́lẹ̀ tó fi ju ti àtijọ́ lọ kò tó ìlọ́po kan àtààbọ̀. Lóòótọ́, a lè gbé e dúró, kí a sì ṣí i sílẹ̀ pẹ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò ní kí ẹni ọdún 84 jókòó láì mira bí ère? Ó tún wo Olympus Pen, èyí tí Yoshihisa Maitani ṣe ní Japan ní ọdún 1959, tí wọ́n tà ní nǹkan bí 6,000 yẹ́ẹ̀nì kí mẹ̀kúnnù lè rí i rà. Iṣẹ́ gidi ni. Àmọ́ arúgbó kámẹ́rà ni báyìí, kò sì mọ ẹni tí yóò tún un ṣe bó bá kọṣẹ́.

Àbúrò rẹ̀ ní, “Bọ̀dá mi, ẹ jẹ́ kí n ra Pentax yẹn níbí, kí ẹ máa dá owó rẹ̀ padà díẹ̀díẹ̀.” Ó dúpẹ́, ó sì kọ̀. Ó ti rí i bí gbèsè owó òkèèrè ṣe ń ga sí i bí náírà ṣe ń wálẹ̀. Owó tó tù jọ jẹ́ 180,000 náírà. Bó bá ń fi 30,000 kún un lóṣooṣù, ó lé ní oṣù mẹ́tàdínlógún kí ó tó pé. Iye oṣù yẹn ló dá a dúró, nítorí kámẹ́rà lè dúró dè é. Kò sí ẹni tó lè ṣèlérí pé màmá yóò dúró.

Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ gba ìsinmi, kámẹ́rà onike yẹn náà ni ó gbé lọ sí Ìlá. Ó ṣàlàyé fún màmá pé yàrá wọn ti ṣókùnkùn jù fún un.

Màmá rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, “Ta ló wá sọ pé inú yàrá ni kí o ti yà mí? Ìgbà tí wọ́n ya ti ìyá rẹ, ìta ni ayàwòrán ta aṣọ sí. Gbé àwòrán yẹn wálẹ̀, kí o gbé àga mi síta.”

Ó gbé e wálẹ̀. Ibi tí àwòrán náà fi sílẹ̀ lára ògiri mọ́ ju ibi yòókù lọ. Màmá fi etí ìró nu gíláàsì rẹ̀, wọ́n gbé e lé itan lábẹ́ òjìji òrùlé, níbi tí ìmọ́lẹ̀ pọ̀ tí oòrùn kò sì ti ta wọ́n lójú. Olùkọ́ náà ní kí wọ́n dorí àwòrán náà kodò díẹ̀ kí gíláàsì má bàa kọ mànà. Ó ya màmá. Ó yí fíìmù, ó súnmọ́ wọn, ó sì ya ọwọ́ wọn lórí àwòrán náà.

Àwòrán méjèèjì jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí fíìmù, bí kámẹ́rà náà ti máa ń ṣe. Ó ní kí wọ́n tẹ̀ wọ́n sórí pépà kan ṣoṣo: ojú màmá lápá kan, Táyé méjì lábẹ́ ọwọ́ wọn lápá kejì.

Èyí kọ́ ni àwòrán tó ń wá. Àga lábẹ́ ògiri kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni yàrá fúnra rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Pentax ì bá gbé e jáde. Irọ́ ni ẹni tó bá sọ pé kámẹ́rà tuntun kò dára ju ti àtijọ́ lọ ń pa. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní bí a kò bá rí àdán, à á fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Ẹbọ tó ní ọjọ́ ni wọ́n ń sọ. Ẹni tó ń dúró de àdán lè rí i mú lẹ́yìn tí ọjọ́ ẹbọ ti kọjá.

Olùkọ́ náà ti fi nínú owó tó tù jọ ra fíìmù, ó sì fi díẹ̀ ṣe férémù fún àwòrán náà, ọ̀kan fún ìyá rẹ̀, ọ̀kan fún London. Èyí tó ṣẹ́kù wà ní báńkì. Bóyá yóò di Pentax lọ́jọ́ kan. Fíìmù wà nínú kámẹ́rà onike báyìí, àwòrán mọ́kànlélógójì ló sì kù tí yóò gbà.