Nígbà Tí A Máa Ń Pààrọ̀ Ọkọ̀ Ojú Irin ní Ifọ̀

Ọ̀nà kan ò wọjà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí, àwa tí a sì dàgbà sí Abẹ́òkúta kí náírà tó dé ní 1973 mọ̀ pé ọ̀nà kan ò wọ Ìlaròó náà. Ẹni tó bá fẹ́ lè gun bọ̀lẹ̀kájà, kí eruku pupa sọ irun rẹ̀ di ti arúgbó kó tó débẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà tó tọ́ mi, oníṣòwò obì pàtàkì, kì í fẹ́ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sétí. Rélùwéè ni tirẹ̀. A ó wọ ọkọ̀ Èkó ní Láfẹnwá, a ó sọ̀ ní Ifọ̀, a ó wá dúró de èyí tó ń lọ sí Ìdógò, nítorí Ifọ̀ ni ojú irin ti pín: ọ̀kan ń bọ́ sí Ìddó l'Ékòó, èkejì yà sí apá Ìlaròó, ó sì parí sí Ìdógò.

Ẹ̀yin ọmọ mi, bí ẹ kò bá mọ Láfẹnwá ìgbà náà, ẹ kò tíì mọ ohun tí wọ́n ń pè ní òórùn. Èéfín èédú Enúgu tí wọ́n ń kó sínú ẹ̀rọ ọkọ̀, láfún tí wọ́n sá, ìrẹsì Ọ̀fàdà nínú àpò, àti àdìrẹ tuntun láti Ìtọ́kú tí aró rẹ̀ kò tíì jáde lára, gbogbo rẹ̀ a dà pọ̀ mọ́ atẹ́gùn odò Ògùn. Alábàárù á gbẹ́rù, ìyá àgbà á fún un ní owó rẹ̀, á sì fi obì kan lé e, torí pé lójú tirẹ̀, owó nìkan kì í ṣe ọpẹ́. Tíkẹ́ẹ̀tì wa jẹ́ páálí kékeré tó le, tí wọ́n ń lu ihò sí lára. Èmi ni ó ń fún mú, mo sì ń dì í mọ́wọ́ títí yóò fi tutù fún òógùn.

Ní Ifọ̀ ni ayé wà. Bí ọkọ̀ Ìdógò bá pẹ́, tí kì í sì í ṣàì pẹ́, kò sẹ́ni tó ń kanra. Kọ́bọ̀ kan ni àkàrà méjì, tọ́rọ́ sì tó ra ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín tí yóò gbé ọmọdé dalẹ́. Àwọn ìyá á tẹ́ ẹní, wọ́n á béèrè iye tí obì ń lọ ní Agége, wọ́n á dá sí ìjà tọkọtaya tí wọn kò mọ̀ rí, wọ́n á sì wo ọmọ ta ló tó gbé níyàwó. Ìgbà tí gáàdì bá ju àsíá aláwọ̀ ewé sókè ni oníkálukú á tó rántí pé ìrìn àjò lòun wá.

Láti Èkó ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin náà ní 1896, ó sì dé Ìbàdàn ní oṣù kẹta ọdún 1901, láyé Aláké Gbádébọ̀ Kìíní, nígbà tí Ẹ̀gbá ṣì ń dá ìjọba ara rẹ̀ ṣe. Fífẹ̀ irin náà jẹ́ 1067 mìlímítà, ìwọ̀n kan náà gẹ́lẹ́ tí àwọn ará Jàpáànù fi bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní 1872. Lọ́dọ̀ tiwọn lónìí, ẹni tó ń gbé ẹ̀yìn ìlú á sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ kan, á gba àtẹ̀gùn wọ ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ nínú ilé kan náà, òjò kò ní pa á. Irin tiwa kò burú ju tiwọn lọ. Àwọn kò dáwọ́ ìtọ́jú dúró, àwa dá a dúró.

Mo mọ̀ pé ọkọ̀ tuntun ti dé. Láti 2021 ni ó ti ń ná Èkó sí Ìbàdàn, 157 kìlómítà, ibùdó ti Abẹ́òkúta wà ní Láderin, orúkọ Wọlé Ṣóyínká ni wọ́n sì fi pè é. Ní 2024, Èkó tún bẹ̀rẹ̀ ọkọ̀ tirẹ̀ láti Àgbádó dé Oyíngbò. Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n irin tuntun fẹ̀ tó 1435 mìlímítà, kò sì lè bá ti Ìdógò pàdé. Láderin sì jìnnà sí ọjà Láfẹnwá, ẹni tó bá sọ̀ níbẹ̀ á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ọkọ̀ mìíràn kiri.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ní etí ìjọba, ẹ bá wa sọ fún wọn: kí wọ́n fi bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Láfẹnwá àti Ìtọ́kú sí ẹnu ọ̀nà Láderin, kó máa dúró de ọkọ̀ ojú irin nígbàkígbà tó bá dé. Kí wọ́n má sì jẹ́ kí àwọn onírin àlòkù hú irin Ìdógò tà.