Ọwọ́ tí A Fi Ń Júwe Ilé Baba Ẹni

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àlejò a máa lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Bí àlejò bá wọ ìlú, ohun tí onílé bá nàka sí ni yóò wò; ohun tí onílé bá sì gbójú kúrò lára rẹ̀, àlejò yóò gba ibẹ̀ kọjá bí ẹni tí ó ń rìn lóru. Òwe yìí ṣẹ mọ́ bàbá olùkọ́ kan lára, ẹni tí ó fi ọdún márùndínlógójì kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kí ó tó fẹ̀yìn tì, nígbà tí ó lọ kí ọmọ rẹ̀ obìnrin tí ó ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ìpínlẹ̀ Georgia, lápá gúúsù ilẹ̀ Amẹ́ríkà.

Ọmọ náà mọ̀ pé ìtàn ni oúnjẹ bàbá òun. Nítorí náà, kò mú un lọ sí ọjà ìgbàlódé, kò sì mú un lọ wo ẹranko inú àgò. Savannah ni ó mú un lọ, ìlú àtijọ́ tí ó wà lórí bèbè gíga lẹ́bàá odò tí òun náà ń jẹ́ Savannah. Wọ́n sanwó, wọ́n jókòó sínú ọkọ̀ gbọọrọ kan tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀, èyí tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní tírọ́lì. Afinimọ̀nà gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sẹ́nu, ìrìn sì bẹ̀rẹ̀.

Ká sòótọ́, ẹnu ọkùnrin náà dùn. Ó sọ bí James Oglethorpe ṣe gúnlẹ̀ sí bèbè náà ní oṣù kejì ọdún 1733 pẹ̀lú àwọn ènìyàn tí wọ́n lé díẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó sì wọn ilẹ̀ ìlú náà dọ́gbadọ́gba: ilé yí gbàgede ká, ọ̀nà sì tọ́ gbọnrangandan láti gbàgede kan dé èkejì. Gbàgede mẹ́rìnlélógún ni wọ́n là títí di ọdún 1851. Méjìlélógún ni ó ṣẹ́ kù lónìí. Igi óòkù ńláńlá na ẹ̀ka bo ojú ọ̀nà, ewéko aláwọ̀ eérú sì ń fì lára wọn bí irùngbọ̀n àgbàlagbà. Ó sọ bí wọ́n ṣe wó ilé ọjà ìlú ní ọdún 1954 kí wọ́n lè kọ́ ibi ìgbọ́kọ̀sí, tí ó sì dun àwọn obìnrin méje dé ọkàn, tí wọ́n fi dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1955 láti máa gba ilé àtijọ́ lọ́wọ́ àwọn awólé. Bàbá gbọ́, ó mi orí. Ẹni tí ó bá mọ iyì ohun àtijọ́ kò lè ṣàì yin irú àwọn obìnrin bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí wọ́n dé gbàgede tí ń jẹ́ Chippewa, ọkọ̀ dúró pẹ́. Afinimọ̀nà nàka sí ibì kan tí kò sí ohunkóhun. Ó ní ibẹ̀ ni àga tí òṣèré kan jókòó lé wà nínú sinimá Forrest Gump, èyí tí ó jáde ní ọdún 1994. Nítorí sinimá náà nìkan ni wọ́n ṣe gbé àga wá síbẹ̀. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ni ó wà nísinsìnyí. Síbẹ̀, àwọn èrò dìde, wọ́n ń ya fọ́tò ibi tí àga kò sí.

Nígbà tí wọ́n sọ̀kalẹ̀ dé etí odò, wọ́n rí àwọn ilé bíríkì gíga níbi tí àwọn oníṣòwò òwú ti ń dúnàádúrà ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Afinimọ̀nà ròyìn ọlá àwọn oníṣòwò náà. Bàbá nawọ́ sókè bí akẹ́kọ̀ọ́, ó béèrè pé ta ni ó gbin òwú náà, ta ni ó ká a, ta ni ó sì rù ú dé ìhín. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní ọ̀rọ̀ náà gùn, kò sì sí lójú ọ̀nà ọkọ̀ àwọn. Ó yára yí ọ̀rọ̀ padà sí ilé kan tí wọ́n ní iwin ń gbé.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, bàbá kò jẹun tó bí ó ti yẹ.

“Bàbá mi, ṣé ó rẹ̀ yín ni?” ni ọmọ rẹ̀ bi í.

“Kò rẹ̀ mí. Wọ́n mú mi yí ilé ká, ṣùgbọ́n iyàrá kan wà tí wọn kò ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀.”

“Ẹ fi ara balẹ̀, sà. Ẹ jẹ́ kí a wá ẹni tí yóò ṣí i fún yín lọ́la.”

Afinimọ̀nà ti ọjọ́ kejì jẹ́ obìnrin aláwọ̀ dúdú tí ewú ti gba orí rẹ̀. Ẹsẹ̀ ni ó fi mú wọn rìn. Gbàgede Wright ni ó ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí wọ́n sin Tomochichi sí. Òun ni olórí àwọn Yamacraw, àwọn onílẹ̀ tí wọ́n gba Oglethorpe tọwọ́-tẹsẹ̀. Nígbà tí ó kú ní ọdún 1739, àárín gbàgede ni wọ́n tẹ́ ẹ sí pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ńlá. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1883, wọ́n kọ́ ọwọ̀n ìrántí ọkùnrin olówó rélùwéè kan sí ojú oórì náà. Ọdún 1899 ni àwọn obìnrin ìlú tó gbé òkúta ńlá kan sí ẹ̀gbẹ́ gbàgede ní ìrántí Tomochichi. Onílẹ̀ di ẹni ẹ̀gbẹ́, àlejò di ẹni àárín.

Obìnrin náà sọ pé òfin kọ́kọ́ kọ ẹrú kíkó ní Georgia, ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n tẹ̀dó síbẹ̀ ń pariwo títí wọ́n fi mú òfin náà kúrò ní ọdún 1751. Ó mú wọn wọ ilé ìjọ Onítẹ̀bọmi tí ń jẹ́ First African, èyí tí àwọn ọmọ ìjọ, ẹrú àti òmìnira, fi ọwọ́ ara wọn kọ́ parí ní ọdún 1859. Ihò wẹ́wẹ́ wà lára pátákó ilẹ̀ yàrá ìsàlẹ̀ rẹ̀. Àwọn ọmọ ìjọ ní ihò náà ni àwọn ẹrú tí ń sá lọ fi ń mí nígbà tí wọ́n bá sá pamọ́ sábẹ́ ilẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, wọ́n wọ ọkọ̀ kékeré, wọ́n kọrí sí ìwọ̀-oòrùn ìlú, síbi tí pápá eré ẹṣin kan wà nígbà kan rí. Níbẹ̀, ní ọjọ́ kejì àti ọjọ́ kẹta oṣù kẹta ọdún 1859 kan náà, ni wọ́n ti kó ènìyàn 436 wá tà ní gbàǹjo. Pierce Butler ni olówó wọn. Ó ti ná ogún bàbá ńlá rẹ̀ ní ìnákúnàá, gbèsè sì wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Òjò rọ̀ ní ọjọ́ méjèèjì, nítorí náà ni wọ́n ṣe ń pe àkókò náà ní Ìgbà Ẹkún. Akọ̀ròyìn kan láti New York tí ó ṣe bí ẹni pé òun fẹ́ rajà ni ó kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí sílẹ̀. Ó kọ nípa Jeffrey, ọmọ ọdún 23, tí wọ́n tà, tí ó sì ń bẹ ẹni tí ó rà á pé kí ó jọ̀ọ́ ra Dorcas, àfẹ́sọ́nà òun, pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n rí i pé wọn kò ní ta Dorcas lọ́tọ̀, pé ó wà lára ẹbí ẹlẹ́ni mẹ́rin, olówó náà kọ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti pínyà. Owó tí wọ́n pa ní ọjọ́ méjì náà jẹ́ 303,850 dọ́là. Ọdún 2008 ni wọ́n tó gbé pátákó ìrántí kan kalẹ̀ nítòsí ibẹ̀.

Bàbá dúró. Ó ń ro iye náà bí olùkọ́ ṣe ń ro ó: ìlà àwọn ọmọ lórí pápá ní àárọ̀, láti kíláàsì kìíní dé ìkẹfà, kí gbogbo wọn tó wọlé. Kò sí ẹni tí ó ń ya fọ́tò níbẹ̀.

“Ta ni ó kọ́ yín ní ọ̀nà yìí?” ni ó béèrè. Obìnrin náà dárúkọ W. W. Law, apínlẹ́tà tí ó fi ẹsẹ̀ mọ ojúlé dé ojúlé, tí ó ṣe ààrẹ ẹ̀ka ẹgbẹ́ NAACP ní ìlú náà láti ọdún 1950 dé 1976. Nígbà tí ọkùnrin náà rí i pé ìtàn àwọn ènìyàn rẹ̀ kò sí lẹ́nu àwọn afinimọ̀nà, ó dá ìrìn tirẹ̀ sílẹ̀. Ó kú ní ọdún 2002, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó là kò tíì hu koríko. Obìnrin náà sọ pẹ̀lú pé ṣáájú ọdún 2015, ẹni tí yóò gba owó mú àlejò rìn ní Savannah ní láti yege nínú ìdánwò ìtàn kí ó tó gba ìwé àṣẹ. Àwọn kan pe ìlú lẹ́jọ́ pé òfin náà tako òmìnira ọ̀rọ̀ sísọ, ìlú fagi lé ìdánwò náà, ilé ẹjọ́ sì dá wọn láre ní ọdún 2019. Láti ìgbà náà, ẹ̀rí ọkàn afinimọ̀nà nìkan ni ó ń dán an wò.

Gbàgede kan ni wọ́n fi parí. Orúkọ Calhoun, òṣèlú tí ó gbèjà ẹrú níní, ni ó ń jẹ́ rí; ní ọdún 2023 ni ìgbìmọ̀ ìlú sọ ọ́ ní orúkọ Susie King Taylor. Ẹrú ni wọ́n bí i ní ọdún 1848. Òfin kọ̀ kí ẹrú kàwé, nítorí náà bébà ni ó fi ń wé ìwé rẹ̀ kí aláwọ̀ funfun má baà rí i, bí ó bá ń lọ sí ilé obìnrin òmìnira tí ń kọ́ wọn ní ìkọ̀kọ̀. Nígbà tí ó pé ọmọ ọdún 14, òun fúnra rẹ̀ ti di olùkọ́: ó ń kọ́ ọmọdé ní ọ̀sán, ó ń kọ́ àgbà ní alẹ́.

Ibẹ̀ ni omi ti bọ́ lójú bàbá. Kì í ṣe Savannah ni ó ń sunkún lé lórí. Ó rántí pé òun náà ti jẹ́ afinimọ̀nà. Lọ́dọọdún ni ó máa ń kó àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún yí ìlú rẹ̀ ká: ààfin, ọjà, àti àfọ́kù odi àtijọ́. Níbi odi náà, a máa sọ bí àwọn jagunjagun ṣe ń kó ẹrú bọ̀ láti ojú ogun. Ní ọjọ́ kan, ọmọbìnrin kan béèrè pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, níbo ni wọ́n kó àwọn ẹrú náà lọ?” Bàbá dá a lóhùn pé, “Padà sórí ìlà. Kò sí nínú ìwé yín.”

Bẹ́ẹ̀ ni ó mọ ìdáhùn. Wọ́n ta òmíràn sí etí òkun, ọkọ̀ kó wọn lọ. Wọ́n fi òmíràn sí oko àti ilé. Àwọn ọmọ-ọmọ àwọn tí wọ́n fi sílé ń gbé apá ẹ̀yìn agbo ilé bàbá olùkọ́ fúnra rẹ̀, èèwọ̀ sì ni láti sọ ọ́. Láti apá ẹ̀yìn náà ni ọmọbìnrin yẹn ti wá. Bàbá ti rò pé àánú ni òun ṣe fún un.

Ó sọ èyí fún obìnrin náà. Ó ní ní ilẹ̀ àwọn, a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Obìnrin náà ronú díẹ̀, ó ní òun kì í nàka sí ọmọ ẹnikẹ́ni. Ohun tí a ṣe ni òun ń sọ, àti ibi tí a ti ṣe é. Bàbá gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò títí ọkọ̀ òfuurufú fi gbé e dé ilé. Ọwọ́ ọ̀tún ni a fi ń júwe ilé baba ẹni lóòótọ́, ṣùgbọ́n òwe náà kò sọ pé kí a fi iyàrá kan sílẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́, ẹ óò mú àwọn ọmọ rìn láìpẹ́. Àlejò ni wọ́n nínú ìtàn. Ibi tí ẹ bá dúró sí ni wọn yóò dúró sí.

Ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, bàbá lọ bẹ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ àtijọ́ kí ó fún òun ní ọjọ́ Ẹtì kan pẹ̀lú àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún. Nígbà tí wọ́n dé ibi odi, ó sọ ìtàn ogun bí ó ti máa ń sọ ọ́, ó sì dákẹ́. Ọmọkùnrin kan nawọ́ sókè, ó béèrè ìbéèrè ọjọ́ náà. Bàbá wá òkúta kan, ó jókòó, ó ní kí gbogbo wọn jókòó pẹ̀lú, nítorí ọ̀rọ̀ náà gùn.