Ẹ Bèèrè Ilé Ìwòsàn Kẹ́ Ẹ Tó Bèèrè Owó Ilé

Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí iye lítà kan kúrò ní nǹkan bíi ₦190, tó sì ré kọjá ₦500 láàárín ọjọ́ díẹ̀, ìpè àwọn ọmọ wa tó wà ní Èkó àti Àbújá ti yí padà. Wọ́n á kí mi, "Òkun o, Bàbá," èmi náà á dáhùn, ọ̀rọ̀ tó máa tẹ̀ lé e ni pé èló ni wọ́n ń yá ilé oníyàrá méjì ní Ẹ̀gbẹ̀, ìlú wa ní Ìpínlẹ̀ Kogi, báyìí. Mi ò dá wọn lẹ́bi. Ẹni tí onílé ní kó san owó ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kó sì fi ti ejẹ́ǹtì àti ti lọ́yà lé e, kò sí ibi tí ọkàn rẹ̀ kò lè lọ. Òfin ilé yíyá tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2011 ní onílé kò gbọdọ̀ gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Ẹ bá mi bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbalé ní Ìkòròdú bóyá òfin náà dé ọ̀dọ̀ onílé tirẹ̀.

Òótọ́ ni, owó ilé kéré níbí. Ọmọ onílẹ̀ tó bá fẹ́ kọ́lé, ẹbí rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ lọ bá, kì í ṣe ejẹ́ǹtì. Nígbà tí iṣu tuntun bá jáde, ìdílé kékeré lè jẹun yó láì ta nǹkan ìní. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó ń ti ìlú ńlá bọ̀, gáàsì ìdáná, sìmẹ́ǹtì, páànù, oògùn, owó ọkọ̀ wọn wà lórí wọn kó tó kàn wá. Títì tó ti Kàbà wá, tó gba Ẹ̀gbẹ̀ kọjá lọ sí Ìlọrin, kì í ṣe títì tí awakọ̀ ń gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Táyà rẹ̀ ló fi ń san án, àwa la sì ń dá owó táyà náà padà fún un. Ó tún ku owó tí kò sẹ́ni tó ń ṣírò: ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì, ìpàdé ẹbí, ìsìnkú lọ́sẹ̀ yìí, ìsìnkú lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ní Èkó o lè ti ilẹ̀kùn rẹ, kí ẹnikẹ́ni má dà ọ́ láàmú. Ní Ẹ̀gbẹ̀, ẹni tó tilẹ̀kùn gan-an ni wọ́n máa wá bá, pé kí ló ṣe é.

Ohun tí mo máa ń fẹ́ kí wọ́n bèèrè, tí wọn kì í bèèrè, ni ilé ìwòsàn. Ẹni àkọ́kọ́ tí ìtàn wa rántí dáadáa pé ó ti ìlú òkèèrè wá gbé Ẹ̀gbẹ̀ kò wá ilé olówó pọ́ọ́kú wá. Tommy Titcombe ni, míṣọ́nnárì SIM láti Kánádà, tó dé ní 1908, tí àwọn baba wa ń pè ní Òyìnbó Ẹ̀gbẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi sọ Titcombe College nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1951. Ilé ìwòsàn tí iṣẹ́ míṣọ́n yẹn bí ló wà lọ́wọ́ ìjọ ECWA lónìí, ó sì ní ilé ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì. Nígbà tí ògiri rẹ̀ ti gbó, Don Campion, ọmọ dókítà míṣọ́nnárì tó ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀, tó ń ṣòwò bàálù ní Florida, wà lára àwọn tó kó owó àti irinṣẹ́ jọ láti tún un ṣe. Ilé ìwòsàn yẹn ló jẹ́ kí arúgbó tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru lè máa gbé ibí. Abúlé pọ̀ tí ilé tiwọn rọjú ju tiwa lọ. Ẹ lọ gbé ibẹ̀, kí àìsàn dé lóru ọjọ́ kan: owó ilé tí ẹ ti ń fi pa mọ́ láti ọjọ́ yìí wá, ọkọ̀ tí ẹ máa háyà lọ sí Ìlọrin á gbé e mì.

Ọ̀rọ̀ kejì kò dùn ún sọ, ṣùgbọ́n àgbà tó bá fi pa mọ́ fún ọmọ kò ṣe é re. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, àwọn agbébọn ya wọ ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Èrúkù, ní ẹ̀gbẹ́ wa níbí, ní ìhà Kwara, wọ́n pa èèyàn, wọ́n sì kó àwọn olùjọsìn lọ sínú igbó kí wọ́n tó rí wọn gbà padà. Ẹ̀rù irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kì í dúró sínú ọkàn nìkan, ó ń dé inú ìkòkò ọbẹ̀. Àgbẹ̀ tó ní oko ọ̀nà jíjìn á pa á tì, á máa dá ìwọ̀nba tó wà lẹ́yìnkùlé. Ilẹ̀ tó wà nítòsí ti rẹ̀, iṣu inú rẹ̀ kò tóbi, nígbà tó bá sì dé ọjà, ẹni tó ti Èkó sá wá nítorí oúnjẹ á fọwọ́ bọnu.

Síbẹ̀ mi ò ní kí wọ́n má wá. Ọ̀pọ̀ nínú ilé tó dára jù nílùú yìí, ọdún Kérésì ni wọ́n ń ṣí fèrèsé wọn. Àwọn kan wà nínú wọn tó jẹ́ pé inú pósí ni ẹni tó kọ́ wọn ti kọ́kọ́ sùn níbẹ̀ mọ́jú. Ó dùn mí. Ẹni tó bá fẹ́ wá, kó wá nígbà tó ṣì lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sí ìpàdé, kó sì mú iṣẹ́ kan lọ́wọ́ wá: kó kọ́ni, kó tún ọkọ̀ ṣe, kó máa ra iṣu ránṣẹ́ sí Ìlọrin. Owó ìfẹ̀yìntì nìkan kò tó í gbọ́kàn lé. Ẹni tó ń gbà á mọ bó ṣe ń pẹ́ tó lọ́nà.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ àbúrò mi ti fẹ́ san owó ilé láti orí fóònù. Mo ní kó dúró ná. Kó má wá ní Kérésì, tí gbogbo ìlú ń dán. Kó wá ní oṣù Keje, nínú òjò àti ẹrẹ̀, kó gbé ọ̀dọ̀ mi fún ìgbà díẹ̀, kó sì mú ìyàwó rẹ̀ dání. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni ìyàwó yẹn, kò gbọ́ Yàgbà, èdè wa níbí, iṣẹ́ rẹ̀ sì wà ní Èkó. Òun ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀.